Láti Inú Àwo Dé Inú Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ohùn Kan Tó Sọnù Nílé Wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá ti balẹ̀, kì í ṣe é kó. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni òwe yìí ń bá wí, àfi ìgbà tí èmi fúnra mi fọ́ ẹyin kan nílé wa ní Òkè Bọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn. Ohùn ìlù ni ẹyin náà. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà láti ọdún 1984, ọmọ ọdún méjìlá sì ni mí nígbà tí mo fọ́ ọ. Ìtàn bó ṣe fọ́, àti ohun tí mo kọ́ nígbà tí mo ń wá sọ́fítíwíà tí yóò bá mi tò ó padà, ni mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kó lè yé ẹ̀yin òǹkàwé dáadáa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí ohùn àwọn èèyàn wa gbà kó tó dé inú kọ̀ǹpútà.

Kí ẹ̀rọ tó dé, etí àti ọpọlọ ni àwọn baba ńlá wa fi ń tọ́jú ohùn. Ọmọ Àyàn yóò jókòó ti bàbá rẹ̀, yóò máa gbọ́ bí ìyáàlù ṣe ń ki ìdílé kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Èdè olóhùn ni èdè wa. Ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn àárín ni ìlù ń tẹ̀ lé tó fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn wọ̀nyí kedere ni ìlù ń bá sọ̀rọ̀. Létí ẹni tí kò gbọ́ wọn kedere, ariwo lásán ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà.

Ní ọdún 1922, Ẹni Ọ̀wọ̀ Josiah Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, kọ orin ẹ̀sìn lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbà 78 ni àwo ayé ìgbà náà ń yí po láàrin ìṣẹ́jú kan, ojú kọ̀ọ̀kan kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Olórin tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ ní láti gé e kúrú. Láti ìbẹ̀rẹ̀, bí a ṣe ń rí ohun tuntun tọ́jú ohùn sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tuntun ọ̀hún ń gba nǹkan lọ́wọ́ ohùn.

Ní Ìbàdàn níbí, ọdún 1939 ni Rediffusion dé. Àpótí kékeré kan ni, wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé, onílé a sì máa sanwó rẹ̀ lóṣooṣù. Bàbá àgbà mi sọ fún mi pé ẹni tó ní in kò lè yan ohun tó fẹ́ gbọ́. Ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ gba ojú wáyà ni yóò gbọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú wa. Ohùn ti wá pọ̀ nílùú nígbà náà, ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá létí, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn tí yóò bá a gbélé, àfi kó ra àwo.

Àwo náà ti yí padà. Ní ọdún 1948, ilé iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà gbé àwo gbọọrọ jáde, èyí tí a ń pè ní LP, tí ojú rẹ̀ kan lè gba ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló fún àwọn olórin jùjú àti àpàlà wa láyè láti na orin. Olórin lè bẹ̀rẹ̀ níbi ìbà, kó dé orí oríkì, kó bọ́ sí òwe, kí ojú àwo kan tó parí, láìdúró. Ní ọdún 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá àti I.K. Dáíró da ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records. Nínú àpótí kan lábẹ́ ibùsùn Bàbá àgbà, àwo Hárúnà Ìṣọ̀lá wà níbẹ̀, ti Yusuf Ọlátúnjí onísákárà wà níbẹ̀, ti Dáúdà Epo Àkàrà, ọba awúrèbe ìlú Ìbàdàn, sì wà níbẹ̀. Bàbá kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìka kan ojú wọn. Etí àwo ni kí o ti mú un, bí ẹni gbé awo ọbẹ̀ gbígbóná.

Lẹ́yìn àwo ni kásẹ́ẹ̀tì. Philips fi í han ayé ní ọdún 1963. Téèpù inú rẹ̀ kò fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rin, ohùn rẹ̀ kò sì mọ́ tó ti àwo, ṣùgbọ́n ó ṣe ohun kan tí àwo kò lè ṣe. Ilé iṣẹ́ nìkan ló lè tẹ àwo. Ẹnikẹ́ni tó bá ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì lè gba ohùn ilé tirẹ̀ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ohùn ìdílé tiwa fi rí ibi wọ̀. Nígbà tí ìyá Bàbá àgbà re ìwàlẹ̀ àsà ní ọdún 1984, agboolé wa ní Bẹyẹrúnká ni wọ́n ti ṣe òkú rẹ̀. Àwọn onídùndún wá láti ìhà Ọjà'ba. Ẹ̀gbọ́n Bàbá kan gbé rédíò rẹ̀ sórí àga, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gba wákàtí kan sílẹ̀: ìyáàlù ń ki olóògbé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún, àwọn ọmọ olóòkú ń jó, àwọn èèyàn ń pariwo. Ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù bá ìyá náà sọ lọ́jọ́ yẹn kò sí lákọsílẹ̀ níbi kankan àyàfi nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ní ọdún 1982, Sony àti Philips gbé CD dé. Òǹkà ni CD ń kọ sílẹ̀: ẹ̀rọ yóò wọn ìró ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, fún etí ọ̀tún àti fún etí òsì. Èyí jẹ́ ohun tuntun gbáà, nítorí bí a bá da òǹkà kọ láìṣì í kọ, ẹ̀dà àti ojúlówó di ọ̀kan náà. Àwo a máa jẹ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gorí rẹ̀. Téèpù a máa ṣá. Òǹkà kì í gbó. Ṣùgbọ́n òǹkà wọ̀nyẹn pọ̀. Ìṣẹ́jú kan péré ń gba mẹ́gábáìtì mẹ́wàá àti díẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ayé ìgbà náà kò sì lè gbé e.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yanjú pẹ̀lú MP3, orúkọ tí fáìlì náà gbà ní oṣù Agẹmọ ọdún 1995. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé nígbà tí ìró ńlá àti ìró kékeré bá dún pọ̀, etí èèyàn sábà máa ń gbọ́ ńlá, kì í sì í kíyè sí kékeré. Nítorí náà, MP3 yóò ju ìró kékeré nù, yóò dá ńlá sí. Bí o bá ṣe fẹ́ kí fáìlì kéré tó ni ohun tí yóò jù nù yóò ṣe pọ̀ tó. Gbogbo wa la jẹ̀gbádùn rẹ̀. CD tó ń gba orin ìṣẹ́jú 80 tẹ́lẹ̀ wá lè gba bíi wákàtí méjìlá. Ní títì Ìbàdàn, wọ́n ń ta gbogbo iṣẹ́ olórin kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú CD kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni káàdì fóònù dé, àti àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà bá èèyàn kó orin sí i.

Ọ̀kan lára irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni mo gbé kásẹ́ẹ̀tì Bàbá lọ. Mo fẹ́ fi ya Bàbá lẹ́nu ni, kó lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi mí pé, "Ṣé kékeré ni kí n ṣe é àbí ńlá?" Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣe é kékeré, kí àyè lè ṣẹ́kù fún orin mìíràn." Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Ó gba ohùn náà sí MP3 oníkílóbíìtì 32, tó kéré gan-an. Wákàtí kan odindi di mẹ́gábáìtì 14. Káàdì mi gba gígábáìtì mẹ́rin. Bí mo bá ní kó tọ́jú ohùn náà bó ṣe rí láìyọ nǹkan kan kúrò, kò ní gbà tó ìdá kan nínú mẹ́fà káàdì yẹn. Mi ò mọ̀, mi ò sì béèrè.

Mo délé, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Oòrùn pa á fún ọjọ́ mélòó kan, ìdí rẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí mo tún fi í sínú rédíò, ó fa téèpù yọ, ó sì já a wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Mo kó o dà sí ààtàn. Mo sọ fún ara mi pé ó ṣáà ti wà nínú káàdì.

Ọdún mẹ́rin kọjá kí Bàbá àgbà tó béèrè rẹ̀. Àyájọ́ ikú ìyá rẹ̀ ni. Gbogbo wa jókòó ní pálọ̀, mo so fóònù mọ́ gbohùngbohùn, mo tẹ̀ ẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ró ṣìnṣìn bí omi ẹ̀rọ tó ń dà. Ariwo èèyàn bo gbogbo rẹ̀. Bàbá tẹ orí síwájú, ó fi ọwọ́ gbá etí mú. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Ìlù ni mò ń gbọ́, Àjàní. Mi ò gbọ́ ohun tó ń wí."

Kò bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́fítíwíà tó dára jù lọ fún orin gbígbọ́. A ní kọ̀ǹpútà kan nílé tí àǹtí mi fún wa, Windows ló wà lórí rẹ̀. Mo ti gbọ́ pé àwọn sọ́fítíwíà kan wà tó ń gbé ohùn jáde láìdín kù, mo sì rò pé ọ̀kan nínú wọn yóò bá mi jí ìyáàlù dìde. Mo gbìyànjú Winamp, tí Justin Frankel kọ ní ọdún 1997, tó sọ MP3 di ti gbogbo ayé. Mo gbìyànjú VLC, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé kan nítòsí ìlú Paris bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1996. Mo gbìyànjú foobar2000, tí Peter Pawlowski, ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí Winamp rí, gbé jáde ní ọdún 2002. Mo fa ohùn ìsàlẹ̀ sókè, mo fa ti òkè wálẹ̀. Ariwo ń yí padà, ìlù kò sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé FLAC. Josh Coalson ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ àkọ́kọ́ tó pé sì jáde ní oṣù Agẹmọ ọdún 2001. FLAC náà ń sọ fáìlì di kékeré, ṣùgbọ́n kì í ju nǹkan kan nù. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí aṣọ wọ inú àpótí lè ká a dáadáa. Bó bá tú u, aṣọ rẹ̀ pé. FLAC nìyẹn. Ẹlòmíràn lè fi àlùmọ́gàjí gé etí aṣọ kúrò. Àpótí yóò pa dé, ṣùgbọ́n aṣọ ti dín kù títí láé. MP3 nìyẹn.

Inú mi dùn. Mo mú MP3 ìlù Bàbá, mo yí i padà sí FLAC. Fáìlì náà wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Mo pe Bàbá, mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tí mo fi sọ́fítíwíà Audacity ya àwòrán ohùn náà, mo rí ìdí rẹ̀. Lókè ibì kan nínú àwòrán náà, òfìfo ni, kò sí ìró kankan. Aṣọ tí a ti gé ni mo ká dáadáa. FLAC ń pa ohun tí a bá fún un mọ́. Kò lè wá ohun tí a ti sọ nù. Sọ́fítíwíà kankan kò sì lè ṣe é, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ ròkè tó.

Nígbà tí ojú mi là báyìí ni mo wá mọ bí a ṣe ń yan sọ́fítíwíà orin. Ohun àkọ́kọ́ ni pé èyí tó dára kì í fi nǹkan kún ohùn, kì í sì í yọ nǹkan kúrò. Tí a bá pa gbogbo ohun tí ń yí ohùn padà, foobar2000 àti VLC ń tú FLAC sí òǹkà kan náà gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá ní tòun dùn ju tàwọn yòókù lọ, kó sọ ohun tó fi kún un. Lórí Windows, nǹkan kan tún wà láti kíyè sí. Kọ̀ǹpútà wa wà lórí 48,000, fáìlì mi wà lórí 44,100, Windows sì ń ṣírò rẹ̀ padà kó tó dé etí. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní WASAPI wà, tí foobar2000 lè gbà kí òǹkà lè kọjá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ohun kejì ni pé kí orin má máa já. Nínú àwo wa, orin kan ń wọ inú èkejì. Bí mo bá gé ojú àwo sí fáìlì mẹ́rin, VLC tí mo lò a máa dúró díẹ̀ láàrin fáìlì kan sí èkejì, foobar2000 kì í dúró. Ohun kẹta ni orúkọ. Àyè orúkọ orin nínú MP3 ayé àtijọ́ kò gbà ju lẹ́tà 30 lọ, ẹ́, ọ́ àti ṣ sì lè di àmì ìbéèrè níbẹ̀. FLAC gba gbogbo àmì ohùn wa. Sọ́fítíwíà tí kò bá lè kọ orúkọ Hárúnà Ìṣọ̀lá bó ṣe tọ́, mi ò lè gbé àpótí Bàbá lé e lọ́wọ́. Ohun kẹrin, kó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kó má sì gba owó lọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo fi àwọn nǹkan wọ̀nyí wọn gbogbo wọn, foobar2000 ni mo mú fún kọ̀ǹpútà ilé wa, mo sì fi VLC sórí fóònù Màmá mi.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé MP3 burú. Mo gba ojú àwo kan sílẹ̀ ní FLAC, mo tún ṣe é ní MP3 oníkílóbíìtì 320, tó tóbi jù. Àbúrò mi ń yí wọn padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsọ èyí tó jẹ́. Ìgbà márùn-ún péré ni Bàbá mọ̀ ọ́n, èmi mọ mẹ́rin. Ká kàn máa méfò náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi oníkílóbíìtì 32 dán wa wò, àwa méjèèjì mọ gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nítorí náà, ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin nínú ọkọ̀ lè lo MP3 tó tóbi. FLAC ni ti ẹni tó fẹ́ tọ́jú nǹkan fún ẹni tí kò tíì bí.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, èmi àti Bàbá jókòó ti àpótí àwo. Ó ń fọ àwo, èmi ń gba ohùn wọn láti ara gírámáfóònù bọ́ sínú Audacity. Mo ń ṣọ́ ọ kí ohùn má ròkè kọjá àlà, nítorí ohun tó bá ti fọ́ nígbà tí a ń gbà á, fífọ́ ni yóò máa fọ́. Ojú àwo kan ń di nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 120. A kò ṣe é fún títà o. Ilé wa ni a ṣe é fún. Ẹ̀dà mẹ́ta ni mo ṣe: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú fíláàṣì, ọ̀kan lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Bódìjà, kí olè, iná tàbí òjò má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ pọ̀. Àwo tí a gbà tán kò dé ààtàn. Ó padà sí abẹ́ ibùsùn.

Ohun kan ṣẹ́kù. Bàbá ránṣẹ́ sí Ọjà'ba, ọmọ onílù tó lùlù lọ́dún 1984 sì wá sílé wa. Òun náà ti darúgbó. Ó gbé ìyáàlù kọ́ apá, ó ki ìdílé wa, Bàbá sì ń fi orí dáhùn bí ó ṣe ń gbọ́ gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo gbà á sílẹ̀ ní FLAC. Nígbà tó parí, Bàbá bi í pé, "Ṣé ohun tí bàbá yín sọ fún ìyá mi lọ́jọ́ náà nìyí?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Rárá, Bàbá. Ohun tí a máa ń sọ fún ilé yín nìyí. Èyí tí bàbá mi sọ lọ́jọ́ náà, òun ló mọ̀ ọ́n."

Mo kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà àti Òkè Bọ́lá sínú fáìlì yẹn pẹ̀lú gbogbo àmì wọn. Mo sì tọ́jú MP3 kékeré ọjọ́sí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó béèrè sọ́fítíwíà tó dára jù, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà lábẹ́ ibùsùn àwọn àgbà yín. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, tí ẹnì kan sì bi yín pé ṣé kékeré ni ẹ fẹ́ àbí ńlá, ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó sọ.